Ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ajá amọ̀nà

Ajá amọ̀nà ni ajá tí wọ́n kọ́ láti máa mú ẹni tí kò ríran rìn. Ilé-ẹ̀kọ́ ajá amọ̀nà àkọ́kọ́ láyé, ajá tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ló ṣe okùnfà rẹ̀. Ìlú Oldenburg ní Jámánì ni, lọ́dún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ìjà bọ̀ láìríran mọ́. Gáàsì olóró ló fọ́ ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Dókítà Gerhard Stalling wà lára àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé lọ́jọ́ kan, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn tí kò ríran yìí rìn nínú ọgbà ilé ìwòsàn, ni wọ́n bá ránṣẹ́ kíákíá pè é. Ó fi ajá tirẹ̀ ti ọkùnrin náà kó má baà dá wà. Nígbà tó máa fi padà dé, ajá ti ń bójú tó ọkùnrin náà. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Stalling ronú sí i, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn ajá yòókù ní ohun tí ajá tirẹ̀ ṣe láìgba ẹ̀kọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ajá amọ̀nà bá délẹ̀, ohun tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ tí ẹ bá tẹ́tí sí àwọn tó ń bá ajá rìn lójoojúmọ́, ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ajá wọn kọ́ ni wọ́n máa ń fi ayọ̀ ròyìn. Èyí tí ajá fúnra rẹ̀ rí, tó gbé e ṣe, tí kò sì fi sílẹ̀ mọ́ ni. Òun ni mo fẹ́ kọ̀wé lé lórí lónìí, nítorí mo ti fojú mi rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí, lára ajá tí kò gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kankan kọjá rí.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti ilé-ẹ̀kọ́ ná. Bí ọmọ ajá bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n á gbé e lọ sílé ẹbí kan tí yóò tọ́ ọ dàgbà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí yìí ló ń mú un dé ọjà, tó ń mú un wọ bọ́ọ̀sì, tó ń jẹ́ kí ariwo di nǹkan tí kò bà á lẹ́rù mọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ gba ẹ̀kọ́ oṣù mélòó kan: kó rìn tààrà, kó dúró létí àtẹ̀gùn, kó yà fún ihò. Wọ́n á kọ́ ọ pé ẹ̀ka igi tí òun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lè gbá ẹni tó wà lẹ́yìn òun lórí, nítorí náà kó ka gíga ẹni yẹn mọ́ ti ara rẹ̀. Èyí tó le jù ni pé wọ́n á kọ́ ọ láti kọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ lè ní "lọ", ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kò gbọdọ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ajá ló mọ̀nà, pé ènìyàn kàn ń wọ́ tẹ̀lé e ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí kò ríran yẹn ló mọ ibi tó ń lọ, òun ló mọ yíyà wo ló kàn, òun ló ń fi etí gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ tó fi mọ ìgbà tó yẹ kí àwọn sọdá. Ojú ajá kì í fi bẹ́ẹ̀ ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé, nítorí náà kò lè máa ka iná ojú títì fúnni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ohun tó wà níwájú gan-an. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ di ẹni kan.

Ó wá ku ohun tí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ wọn.

Lọ́dún 2008, onímọ̀ kan nílẹ̀ Faransé, Florence Gaunet, tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ajá ṣe ń tọrọ oúnjẹ. Ó kó ajá amọ̀nà àwọn tí kò ríran jọ, ó sì kó ajá ilé àwọn tó ríran pẹ̀lú. Wọ́n gbé oúnjẹ síbi tí ọwọ́ ajá ò tó, wọ́n wá ń wò wọ́n. Gbogbo wọn ló ṣe bí ajá ṣe máa ń ṣe: wọ́n wo oúnjẹ, wọ́n wo ojú ọ̀gá wọn, wọ́n tún wo oúnjẹ. Àwọn ajá amọ̀nà pàápàá ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tí wọ́n ń wò yẹn kò rí wọn. Àmọ́ àwọn ajá amọ̀nà ní àrà kan tí àwọn yòókù ò ní. Wọ́n ń fi ahọ́n lá ẹnu wọn lọ́nà tó ń dún, tí èèyàn fi lè gbọ́ ọ.

Mo ka èyí, mo tún un kà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn. Kò sí olùkọ́ tó máa jókòó kọ́ ajá pé kó máa lá ẹnu kó dún. Ohun tó tún jẹ́ kí n gba ìwádìí náà gbọ́ ni pé kò sọ àsọdùn nípa ajá. Kò ní ajá jókòó, ó ronú, ó ní "ọ̀gá mi ò ríran, ẹ jẹ́ kí n máa pariwo". Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ì bá ti jáwọ́ nínú wíwo ojú. Ohun tó jọ pé ó ṣẹlẹ̀ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: wíwo ojú kò mú èsì wá, ìró mú èsì wá, ajá sì di ìró mú. Ẹ sì wò ó, ẹni tó gbọ́ ìró kékeré yẹn tó dáhùn ní ìpín tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ náà. Ká ní kò fetí sílẹ̀ ni, ìró yẹn ì bá ti kú dànù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń sọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ajá wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé àgbọ̀n lé àga tó ṣófo, ọ̀gá rẹ̀ jókòó, ó fọwọ́ pa á lórí. Láti ọjọ́ náà, àga tó ṣófo ti di nǹkan tí ajá ń wá. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀, ajá fẹnu gbé e fún un. Ó mọ ẹnu ọ̀nà báǹkì tí wọ́n máa ń yà sí, kí wọ́n tó sọ ó ti dorí kọ ibẹ̀. Ó ń dẹ ìrìn lọ́jọ́ tí ara ọ̀gá rẹ̀ ò le. Àwọn ajá ilé lásán tí wọn ò kọ́ rí ti wà tí wọ́n ń ta olówó wọn lólobó nígbà tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá já wálẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n lára.

Kò yẹ kí n fi apá kejì pamọ́. Ọgbọ́n tí ajá fi mọ àga tó ṣófo náà ló fi ń mọ ìsọ̀ ẹlẹ́ran sísun tí wọ́n ti ju egungun sí i rí. Bí wọ́n bá yà sílé ọ̀rẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, ó lè fẹ́ máa yà síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn ò lọ síbẹ̀. Ihò tí wọ́n ti dí látọjọ́ pípẹ́, ó ṣì lè yà fún un. Ẹni tó ni í ní láti máa yan èyí tó fẹ́ nínú ohun tí ajá gbé wá, kó yìn ín fún un, kó sì jẹ́ kí ìyókù gbàgbé ara rẹ̀.

Èyí tí mi ò lè ṣàlàyé tán ni ti ajá amọ̀nà kan tó ń jẹ́ Salty. Ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2001, Omar Rivera, tí kò ríran, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àjà 71 ilé gogoro World Trade Center ní New York nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú já lu ilé náà. Èéfín, ariwo, èrò tó ń rọ́ wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó rò pé òun ò ní là á já, ó bá tú okùn ajá rẹ̀ kí ó lè sá àsálà tirẹ̀. Èrò gbé Salty lọ. Kò pẹ́ púpọ̀, ọkùnrin náà tún mọ̀ ọ́n lára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti padà wá. Òun àti obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n jọ mú ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí ilé tó wó. Ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ ajá láti kọ àṣẹ tí yóò gbé ọ̀gá rẹ̀ síwájú ọkọ̀. Èwo nínú ẹ̀kọ́ ló ní kí ajá tí wọ́n ti dá sílẹ̀ máa gun àtẹ̀gùn padà sínú èéfín?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma ló gba ojú wọn, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, títí ó fi di pé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n ń mọ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní ajá kan, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀, ajá pupa elétí tó dúró ṣánṣán, irú èyí tí àwọn ọdẹ wa ń sìn. Wọ́n ti ń bá a lọ sígbó kí ojú wọn tó lọ, ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn nígbà yẹn náà ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Láràárọ̀, Bàbá máa ń lọ síbi ìsọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀nà náà kò gùn, ṣùgbọ́n gọ́tà ńlá kan là á já láàárín, pákó méjì ni wọ́n tẹ́ lé e lórí. Mo bá wọn lọ. Tanímọ̀la ló ṣíwájú, kò sí okùn kankan láàárín òun àti Bàbá. Ṣaworo ń dún wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀ níwájú, Bàbá ń fi ọ̀pá tẹ̀lé ìró náà. A dé etí gọ́tà, ṣaworo dákẹ́. Bàbá dúró. Wọ́n na ọ̀pá síwájú, wọ́n wá pákó, ọ̀pá kan igi, "kó". Bí ọ̀pá ṣe dún báyìí ni ṣaworo tún bẹ̀rẹ̀, ajá ti ń sọdá lọ.

Mo ní, "Bàbá, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n ní, "Ta ni ó kọ́ ọ? Mo máa ń dúró síbí wá pákó. Òun náà á dúró dè mí. Nígbà tó yá, ó ń dúró kí n tó dúró. Mo bá ń fún un lẹ́ran."

Nígbà tí à ń bọ̀, àwọn bíríkìlà ti da yanrìn sójú ọ̀nà, búlọ́ọ̀kù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń lọ. Mo ti la ẹnu láti kígbe, ṣaworo ti dákẹ́. Bàbá dúró, wọ́n na ọ̀pá, ọ̀pá wọnú yanrìn. "Kí ni wọ́n kó síbí?" Tanímọ̀la ò ní gọ́tà kankan níwájú rẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kọ́ létí gọ́tà ló gbé wá síbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi hàn án, ìyẹn gan-an ló sì yà mí lẹ́nu jù lọ.

Nílé náà, tẹ́lẹ̀, ajá yìí fẹ́ràn láti nà gbalaja sórí ìloro. Bàbá a máa gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Nísinsìnyí, bó bá ti gbọ́ ìró ọ̀pá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti dìde, ó ti fara ti ògiri. Bí àlejò bá dé, ó máa ń gbó. Bí ọmọ ilé bá ni, kì í gbó rárá. Ó máa ń lọ dúró nítòsí ilẹ̀kùn páànù, ìrù rẹ̀ á máa na páànù náà, gbàǹ-gbàǹ-gbàǹ, Bàbá á ti máa kí wa kí a tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ka ìwádìí ti Faransé yẹn, ìrù yìí ni mo rántí. Ajá Ìgbómìnà náà ti mọ̀ pé nínú ilé yìí, ohun tó bá dún ló ń gba ìdáhùn.

Gbólóhùn kan tí Bàbá sọ ṣì wà lọ́kàn mi. Mo ní ó jọ mí lójú bí ajá ṣe ń ṣe nǹkan tí wọn ò rán an. Wọ́n ní, "Ajá tó bá jẹ́ pé tí a bá rán an nìkan ló ń ṣe nǹkan, a kì í gbé e lọ sígbó. Nínú igbó, ṣé mo máa ń rí i ni? Ó ti wọnú igbó lọ, ṣaworo nìkan ni mo ń gbọ́. Bó bá dákẹ́, mo mọ̀ pé ó rí nǹkan. Kí ló wá yàtọ̀?" Mo rí i pé kò sí ohun tó yàtọ̀ lóòótọ́. Láti ọjọ́ tí ojú wọn ti dá ṣáṣá ni wọ́n ti ń fi etí tẹ̀lé ajá yìí, tí wọ́n sì ń gbà á gbọ́. Àwọn méjèèjì ti mọwọ́ ara wọn kí àìríran tó dé.

Tanímọ̀la kì í ṣe ajá amọ̀nà o, mi ò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Mi ò ní jẹ́ kó mú Bàbá sọdá títì ọlọ́dà tí àwọn ọkọ̀ tírélà ń gbà. Títì yẹn nílò ajá tó ti kọ́ láti kọ̀ lójú ọkọ̀, ìyẹn sì ni iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́.

Èmi ń gbé ní Tánkè, ní Ìlọrin, mo sì máa ń bi ara mi bóyá ajá amọ̀nà lè ṣiṣẹ́ níbí. Mo ń rìn lọ sí àdúgbò Challenge, mo ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé èmi ni ajá: gọ́tà tí kò ní ìdérí, ọ̀kadà tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ Márúwá tó dúró lójijì, ọjà tí wọ́n pàtẹ síbi tó yẹ kí ènìyàn máa rìn, oòrùn tó ń jó ilẹ̀ tó lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ajá. Ó ṣòro. Oúnjẹ rẹ̀ àti owó dókítà ẹran kò kéré pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìṣòro yìí kan náà ni ẹni tí kò ríran ń là kọjá lónìí pẹ̀lú ọ̀pá nìkan, tàbí pẹ̀lú ọmọ kékeré tó di orí ọ̀pá yẹn mú níwájú rẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mi ò dá òbí rẹ̀ lẹ́bi, ojú ọmọ yẹn ló ń wá oúnjẹ fún gbogbo ilé. Kíláàsì ló yẹ kó wà.

Òfin wà. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀tọ́ dun àwọn aláàbọ̀ ara, ó sì fún àwọn ilé ìlò gbogbogbò ní ọdún 5 láti tún ara wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti kọjá. Ká ní wọ́n bo àwọn gọ́tà wa nìkan, ọ̀pá funfun lásán ì bá gbé ẹni tó ni í jìnnà ju ibi tó ń gbé e dé lónìí lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀, ìlú àwọn ààfáà ni Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ mùsùlùmí ládùúgbò mi kì í fẹ́ kí ajá fara kan aṣọ wọn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mo bi ààfáà wa, wọ́n sì fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Wọ́n ní nínú mádhábù Màlíkì, ìyẹn ọ̀nà òye òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí a ń tẹ̀lé níbí, ara ajá kì í ṣe ẹ̀gbin, àti pé fífọ abọ́ tí ajá bá fẹnu kàn nígbà 7 jẹ́ ìjọsìn. Wọ́n rán mi létí ajá inú Súrátùl Káhfì, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú lẹ́nu ọ̀nà ihò àpáta níbi tí àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ yẹn sùn sí, àti Súrátùl Máídà tó fàyè gba ohun tí ajá ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú wá. Ní Leicester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ṣáláṣí kan gba ajá amọ̀nà ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún 18 tí kò ríran, láyè lọ́dún 2008. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi fún un lẹ́nu ọ̀nà. Kì í wọ ibi ìkírun. Ọmọkùnrin náà á wọlé lọ kírun, ajá rẹ̀ á sì dúró dè é.

Títí dìgbà tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi sún mọ́ wa, bí àgbà kan bá wà nílé yín tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, tí ajá sì wà níbẹ̀, ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un lọ́dọọdún. Bó bá ń dúró níwájú àgbà náà, ẹ má ṣe nà án kúrò lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó dá a dúró. Bó bá ṣe ohun tó wúlò, ẹ fún ohun náà lórúkọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún un ní nǹkan. Bí Bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí Tanímọ̀la bá ti fara ti àpótí tí wọ́n fi ń jókòó, wọ́n á ní "Àpótí!", wọ́n á fún un lẹ́ran. Ní báyìí, wọ́n lè dé ilé tí wọn ò dé rí, wọ́n á ní "Àpótí, Tanímọ̀la," ajá á sì wá a kàn.

Bí ẹ bá sì pàdé ẹni tí ajá ń mú lọ lójú ọ̀nà, níbikíbi tí ìrìn àjò bá gbé yín dé, ẹ má ṣe súfèé sí ajá náà, ẹ má sì ju ẹran sí i nítorí pé ó wù yín. Ẹ bá ẹni tó ni í sọ̀rọ̀. Ajá yẹn ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá pàdé, ẹran ẹyọ kan látọwọ́ yín ti tó láti kọ́ ọ pé kó máa fi ojú ọ̀nà sílẹ̀.